Irú Ọmọ Wo Ni Ọmọ Inú Fíìmù Yìí?

Bàbá mi, ọkọ Ìyá mi, ẹ̀yin tí mo ń bá yodì tí ẹ ò mọ̀,

Mo kí yín o. Mi ò mọ̀ bóyá àárọ̀ ni wọ́n ń kí níbi tí ẹ wà tàbí alẹ́, ẹ ṣáà gbà á bẹ́ẹ̀. Ìyá wà lálàáfíà, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo ti mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Gagi, ní Sokoto níbí, wọ́n sì ti bá gbogbo àdúgbò jà tán lórí adìẹ. Ṣọ́ọ̀bù yín ní Tudun Wada ti di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Ẹ má bínú.

Ẹjọ́ ni mo wá rò. Mo bínú sí yín, Bàbá, ó sì ti pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a máa ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìrun Alásárì, tí ẹ bá tún tẹlifíṣọ̀n ẹnì kan ṣe tán, tí ẹ fẹ́ dán an wò. Fíìmù àwọn ọmọ tó ń wa ọkọ̀ lọ sáàárín ìràwọ̀ nìkan lẹ fi ń dán an wò. Ẹ ní bí ojú òfurufú bá dúdú dáadáa, tí ìràwọ̀ sì hàn ketekete, àwòrán ti mọ́ nìyẹn, oníbàárà lè wá gbé ẹrù rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan. Ẹ fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn.

Ẹ ó dá fíìmù dúró lójijì, ẹ ó bojú wò wá. Irú ọmọ wo nìyí? Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó mọ ìṣirò ju àgbà lọ yìí, ṣé aṣáájú ni, àbí onílàjà, àbí alágídí, àbí olùrònú tí kì í sọ tinú rẹ̀? A ó pariwo, a ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Lẹ́yìn náà ẹ ó wá pín àwa náà. Mudaṣiru àbúrò mi, ẹ ní alágídí ni, pé òun ni yóò kọ́kọ́ já bọ́ láti inú ọkọ̀. Sìdí tó kéré jù ni onílàjà, tí yóò bá àwọn ará ìràwọ̀ sọ̀rọ̀ tí ogun ò fi ní ṣẹlẹ̀. Tó bá kan èmi àkọ́bí, ẹ ó yíjú padà sí tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó tún máa bá ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin inú fíìmù tó ń tún ọkọ̀ ṣe lọ. Ẹ kì í tilẹ̀ pe orúkọ mi. “Yárìnyà” lẹ ń pè mí, ìyẹn “ọmọbìnrin” lédè Haúsá, bí ẹni ń pe ọmọ ọlọ́mọ tó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá.

Mo gbà pé ẹ ti wò mí títí, ẹ ò rí nǹkan kan. Ó dùn mí wọra. Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ mẹ́jọ yín, Mudaṣiru sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Èmi ò sunkún. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo fọ gbogbo àwo tí wọ́n fi jẹun, mo tún èyí tó ti mọ́ fọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ mi ń ṣe irú eré yẹn. Tiwọn ti di ti fóònù. Wọ́n á dáhùn ìbéèrè bí ẹni pé àwọn ni ọmọ inú fíìmù, fóònù á sì fún wọn ní lẹ́tà mẹ́rin tó ń sọ ìwà ọmọ náà. Mo ní kí wọ́n gbé lẹ́tà wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n sọ bí bàbá àgbà wọn ṣe ń ṣe é. Mo wá ń to gbogbo ohun tí ẹ máa ń sọ nípa ọmọbìnrin tó tún ọkọ̀ òfurufú ṣe: pé kì í sunkún lójú èèyàn; pé bí wọ́n bá bi í ní nǹkan, á kọ́kọ́ fa etí ara rẹ̀ kó tó dáhùn; pé bí inú bá ń bí i, àwo ló máa lọ fọ̀.

Rùkáyá, àkọ́bí mi, ọmọ ọdún méjìlá, gbójú sókè. “Mọ́mì, níbo ni wọ́n ti rí àwo nínú ọkọ̀ òfurufú? Ṣebí oúnjẹ inú ọ̀rá ni wọ́n ń fà mu.”

Bàbá, mo wo ara mi. Ọwọ́ mi wà létí mi, mo ń fà á.

Mo sáré bá Ìyá níbi tí wọ́n ti ń da ọkà fún adìẹ, mo bi wọ́n bóyá èmi ni ẹ ń sọ látọjọ́ yẹn. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo òmùgọ̀. “Àṣé o ò mọ̀? Kunya mà ni, ìtìjú àwọn Haúsá! Ọ̀dọ̀ àwọn ará Kofar Kware tí a bá gbé ni bàbá ẹ ti kó o. Wọn kì í pe àkọ́bí wọn lórúkọ, wọn kì í yìn ín lójú ayé. Mo ní, olówó orí mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá o! Bàbá ẹ ní ojú ń ti àwọn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kírun Sùbúhì tán, orúkọ ta ló kọ́kọ́ ń jáde nínú àdúà? Ìwọ kẹ̀!”

Mo mọ kunya, Bàbá. Sokoto ni wọ́n bí mi sí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi Haúsá tó jẹ́ àkọ́bí, bàbá wọn kì í pè wọ́n lórúkọ, mo sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ni yóò sọ fún mi pé ó ti wọlé tiwa? Ìyá ń kì mí láràárọ̀, gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Mo rò pé ilé Yorùbá ni ilé wa.

Haba, Bàbá! Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín, kí ẹkún tó dé. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹ ń wò mí! Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí n mọ̀, bó ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré? Àbí ẹ rò pé mo ti mọ̀? Ṣé ojú ṣì ń tì yín níbẹ̀?

Mo ń sunkún lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn ara mi tí mo ń pe Rùkáyá kó bu omi wá. “Yárìnyà!” Ọdún méjìlá, Bàbá. Àwọn àbúrò rẹ̀, orúkọ ni mo ń pè wọ́n. Èmi ò tilẹ̀ ní kunya kankan. Mo kàn rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe àkọ́bí ni.

Lánàá, wọ́n pe àwa òbí sí ilé ẹ̀kọ́ wọn. Rùkáyá kọ ìtàn ọmọ kan tó ń gbọ́ ohùn ìràwọ̀, ó sì kà á sétí gbogbo wa. Ó kà á tán, olùkọ́ ní kí òbí rẹ̀ wá sọ irú ọmọ tó jẹ́ nílé. Àwọn ìyá Haúsá tó yí mi ká mọ̀ pé àkọ́bí mi ni, wọ́n ń retí kí n sọ pé kò jẹ́ nǹkan kan. Ojú tì mí, Bàbá. Àṣé bó ṣe ń tì yín nìyẹn! Mo ṣáà dìde.

“Rukayat Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Olùrònú ni, ó sì láyà. Èmi ni mo bí i, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.”

Ó bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹlòmíì tó ń jẹ́ Rukayat. Mo tún un pè.

Kí Ọlọ́run kẹ́ yín, kó fi àánú bò yín, Bàbá mi.

Èmi ni,
Àkọ́bí yín, tó fẹ́ràn yín, tí kò bínú mọ́.