Nọ́ọ̀tì Tó Dẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà
Arúgbó tún dé. Ọkọ̀ Agbẹ̀bí ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ — èmi àti ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lọ́jọ́ orí, ariwo ló fi jù mí. Iná bátìrì ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, iwájú ẹ́ńjìnnì ń dún kẹrẹkẹrẹ. Agbẹ̀bí ní aboyún lòun ń gbé lọ sílé ìwòsàn nígbà tí ọkọ̀ kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kó má ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo pààrọ̀ bẹ́líìtì. Ó ṣì ń dún. Inú bí mi débi pé mi ò jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́bọ̀, 6
Bátìrì dáa. Wáyà dáa. Ibi tí mi ò yẹ̀ wò ni púlì ọtánétọ̀ — kẹ̀kẹ́ kékeré tí bẹ́líìtì ń yí kí bátìrì lè rí iná gbà. Ọ̀gá ló dè é lóṣù tó kọjá. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹnikẹ́ni kì í tún fọwọ́ kan ohun tí Ọ̀gá bá ti dè. Abájọ tí mo fi ń pè wọ́n ní Má-fọwọ́-kàn-án nínú ìwé yìí. Kí wọ́n má gbọ́ o.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo fọwọ́ kàn án.
Ọ̀gá lọ ra epo bíréèkì. Mo bọ́ bẹ́líìtì, mo di púlì mú, ó ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Nọ́ọ̀tì àárín rẹ̀ ti dẹ̀, ìka lásán ni mo fi yí i. Ọpẹ́ ni pé kò tíì ba irin tó gbé e dúró jẹ́. Mo dè é pinpin, mo sítáàtì ọkọ̀: iná bátìrì kú, ariwo dákẹ́. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́ ló dè é!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mò ń ṣọ́ wọn látàárọ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbé ife tíì, ó sì ń gbọ̀n. Níbo lojú mi wà látọjọ́ yìí? Ìyàwó wọn ti kú, àwọn ọmọ wà lọ́nà jíjìn. Ṣọ́ọ̀bù yìí nìkan ló kù tí wọ́n ń jí lọ bá. Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo gbà á lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Tí mo bá dákẹ́, aboyún mìíràn lè há sójú ọ̀nà. Àánú wọn ṣe mí gan-an.

Ọjọ́ Ajé, 10
Mò ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, mò ń tún nọ́ọ̀tì tí wọ́n bá dè dè bí olè. Mẹ́ta ló dẹ̀.

Ọjọ́rú, 12
Agbẹ̀bí wá gbé Arúgbó. Ó kí Ọ̀gá, ó ní ọwọ́ yín ò ní rọ. Ọ̀gá ní ó ti rọ. Wọ́n ní àwọn ni kò de nọ́ọ̀tì ọkọ̀ náà le, ọmọ yìí ló tún un ṣe, ó sì ń yọ́ tẹ̀ lé àwọn kiri, ó rò pé àwọn ò rí òun. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.
Agbẹ̀bí ò bínú. Ó gba ọwọ́ wọn méjèèjì, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó bi wọ́n pé láti ìgbà wo. Ó ní kí wọ́n wọkọ̀, dókítà làwọn ń lọ rí báyìí.
Ọ̀gá jókòó. Wọ́n ń gbìyànjú àtikì bẹ́líìtì ìjókòó bọ ojú ihò rẹ̀, ọwọ́ ò gbà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bá wọn ti bẹ́líìtì náà bọ ihò.
Wọn ò ti ọwọ́ mi dànù.