Ohùn Múyìwá Ṣì Ń Pe Orúkọ

Ṣọ́ọ̀bù Atúnfóònùṣe,
Ojú Ọ̀nà Ìlápòrù, Òkè-Àgbò,
Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Kingsley, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ẹ ńkọ́? Ṣé ọmọ tuntun ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, àbí ó ṣì ń fi yín ṣe ṣóò? Ṣé Ìbàdàn ò le jù? Ara tèmi le, Alhamdulillah, ọkàn mi ni ò balẹ̀. Mo gbọ́ pé o ń bọ̀ wá ṣeré ní Òkè-Àgbò ní Sátidé yìí. Má wá. O máa ní kí ló dé tí mi ò pè ẹ́, èmi tí mò ń tún fóònù ṣe jẹun. Kà á tán kó o tó bú mi.

O mọ̀ pé látìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ti dojú dé mọ́ Adémúyìwá, onímáìkì wa, lórí ní Waterside lọ́dún tó kọjá, a ò rí òkú ẹ̀. Zechariah, díjéè tẹ́ ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, ò jẹ́ kó sinmi. Ó gé ohùn ẹ̀ látinú àwọn ṣóò àtijọ́, ó kó o sínú láptọ́ọ̀pù, ibi yòówù tó bá ti ṣeré, Múyìwá ló ń gbé máìkì. Ó lóun fi ń bọlá fún un ni. Ọlá wo? Olè ni! Ẹni tó kú ò lè pè é lẹ́jọ́, ló bá sọ ọ́ di ọmọọṣẹ́. Mo sọ ọ́ sí i lójú. Ó ní, "Zulai, o tún ti dé. Híp-họ́ọ̀pù lèyí o, kì í ṣe ilé kéwú." Mo ní mo ti ń gbọ́ híp-họ́ọ̀pù kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń ki wáyà bọ sípíkà!

Sátidé tó kọjá, a wà ní pápá kan ní Abigi, ní Waterside yẹn kan náà. Oòrùn ṣì wà lókè. Mi ò ní parọ́, ó dùn. Báàsì ń lu wá láyà, àwọn ọmọ ń rápù, ẹni tó ò mọ̀ rí á dì mọ́ ẹ. Ìdí tí mo ṣe fẹ́ràn ojú agbo nìyẹn: orin inú fóònù ò mọ̀ pé o wà níbẹ̀.

Ni Múyìwá bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. O mọ àṣà ẹ̀. Á pe èèyàn, á ní, "Ó dà?" Tó bá wà níbẹ̀, á ní, "Èmi rèé!" Tí ò bá sí, gbogbo wa á pariwo, "Ó ń bọ̀!"

Jẹnẹrétọ̀ kú. Sípíkà dákẹ́. Zechariah gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń bẹ èèyàn. Ohùn yẹn ò dákẹ́. Apá ibi tí omi wà ló ti ń bọ̀, jẹ́jẹ́, bí ohùn ẹni tí òtútù mú. Ó ní, "Kingsley, bàbá Tamílọ́rẹ. Ó dà?"

Kingsley, Tamílọ́rẹ ò tíì pé oṣù mẹ́ta. Múyìwá ti lọ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ.

Kí n tó la ẹnu, gbogbo pápá ti pariwo: "Ó ń bọ̀!" Àwọn aláìnírònú! Ta ló ń dá ohùn tí ò rójú ẹ̀ lóhùn? Ṣebí àtikékeré ni wọ́n ti kọ́ wa? Wọ́n ṣèlérí fún òkú, ìwọ ni wọ́n sì fi ṣèlérí.

Zechariah gbọ́ ọ. Mo ní kó pa gbogbo ohùn yẹn rẹ́, ó pa á rẹ́ lójú mi. Síbẹ̀, ó lóun ò lè fagi lé eré Òkè-Àgbò tẹ́ ẹ fẹ́ jọ ṣe, wọ́n ti lẹ pósítà káàkiri. Ojú ò tì í! Mo lọ bá Màmá Ìbíkẹ́, ìyá Múyìwá. Wọn ò sunkún. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi máa ń pe ẹni tó bá fẹ́ràn lẹ́ẹ̀mejì."

Láàárọ̀ yìí, fóònù kan tí mo tú sílẹ̀ lórí tábìlì, tí ò ní bátìrì nínú, sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kingsley, ó dà?" A'ùdhù billáhi! Ìdí tí mi ò fi pè ẹ́ nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí orúkọ ẹ tún gba inú ẹ̀rọ kankan kọjá. Awakọ̀ tó ń lọ Ìbàdàn ní ìdájí ọ̀la ni mo fi ìwé yìí rán.

Bá mi kí ìyàwó ẹ, kó o sì bá mi gbá Tamílọ́rẹ mọ́ra.

Mo mọ̀ pé wọn kì í dá irú ohùn àárọ̀ yìí lóhùn. Mo dáhùn. Mo ní, "Kò ní wá." Ó sì dákẹ́.

Kingsley, má sọ mí di òpùrọ́ lójú Múyìwá.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ ẹ tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi,
Zulaikha Fàsásì.