Ìkẹ́dùn Ẹgbẹ́ Oníṣẹ́-Ọnà Yewa lórí Ìpapòdà Oyèkúnlé Ògúnníyì, Ayàwòrán

Sí Màmá Yétúndé Ògúnníyì, aya olóògbé, àwọn ọmọ àti gbogbo ẹbí, Ayétòrò.

Ọgbẹ́ ọkàn ni ìròyìn ìpapòdà Olóògbé Oyèkúnlé Ògúnníyì jẹ́ fún gbogbo wa nínú Ẹgbẹ́ Oníṣẹ́-Ọnà Yewa, Ìlaròó. A bá yín kẹ́dùn tọkàntọkàn. Àgbà wa ni, ọ̀rẹ́ wa ni, òun náà ló sì máa ń bú wa bí a bá fi ìkánjú ba iṣẹ́ jẹ́.

Àwọn awakọ̀ tírélà ní Ìbẹ̀sè máa ń tò dè é kó lè ya kìnnìún sẹ́yìn ọkọ̀ wọn. Olóògbé kì í fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì láìkọ́kọ́ jókòó ti awakọ̀, kó bó ọsàn fún un, kó sì bi í nípa ilé àti àwọn ará ilé. Ọ̀pọ̀ tó wá nítorí kìnnìún ló gbé àwòrán ìyá tiwọn lọ, inú wọn a sì máa dùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ wa pé ẹni tí kò bá lè wo ènìyàn kò tíì lè yà á.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ fi ìrẹ̀lẹ̀ bá ẹbí sọ. A rí ìkéde ìsìnkú tí Ẹ̀gbọ́n Mákindé, ẹ̀gbọ́n olóògbé, fi ránṣẹ́, níbi tí wọ́n ti pè é ní oníṣòwò pàtàkì. A mọ̀ pé kí wọ́n lè bu ọlá fún àbúrò wọn ni. Síbẹ̀, ó dùn wá.

Lọ́jọ́ tí olóògbé lọ tọrọ ìyàwó, àwọn àgbà ilé rẹ̀ ti kọ́ ọ lẹ́nu pé kó ní òṣìṣẹ́ ìjọba lòun, nítorí pé ó ti kun ọgbà ìjọba ìbílẹ̀ rí. Nígbà tí bàbá ìyàwó, Bàbá Adégbóyè, béèrè iṣẹ́ rẹ̀, ó ní àwòrán lòun ń yà. Bàbá bi í pé kí ló fi ń tì í lẹ́yìn. Ó ní kò sí. Bàbá ní kó lọ wá iṣẹ́ ná. Màmá, ẹ̀yin lẹ kúnlẹ̀, tí ẹ ní: "Bàbá, ẹni tó ní sùúrù láti wo ojú mi títí tó fi yà á bó ṣe rí, ẹ̀rù ebi ò bà mí lọ́dọ̀ ẹ̀."

Bàbá Adégbóyè yìí kan náà ló wá di ẹni tí kì í fún àlejò lómi, àfi tí àlejò bá yin àwòrán tí àna rẹ̀ yà fún un. Iṣẹ́ yìí ni olóògbé fi kọ́lé, òun ló fi tọ́mọ, kò sì fi òmíràn tì í títí ọlọ́jọ́ fi dé. A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ìkéde náà pè é ní ayàwòrán. Ẹgbẹ́ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tún un kọ.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ní tì. A ó máa gba iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe láàárín ara wa títí Olúwabùkúnmi, àkọ́bí rẹ̀, yóò fi jáde ní poli Ìlaròó. Bó bá wù ú nígbà náà, kó wá gba kọ́kọ́rọ́.

Ọlọ́run tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ènìyàn, tí kò sì fi iṣẹ́ náà tijú rí, kí Ó tẹ́ Oyèkúnlé sí afẹ́fẹ́ rere, kí Ó sì tù yín nínú.

Aishat Ọlágúnjú, Akọ̀wé,
lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.