Ilé Tó Gun Orí Ilé

Ìsàlẹ̀ Òsì, Ìbàdàn.

Àkíbù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ káfíńtà ń lọ déédéé? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Kúbúrá ìyá rẹ ń kí ọ, Sìdí ìyàwó rẹ ń kí ọ, oyún rẹ̀ ti yọ dáadáa, a dúpẹ́.

Japheth, tíṣà ilé-ìwé àwọn onígbàgbọ́, ni ó ka ìwé rẹ fún mi, òun náà ni ó ń bá mi kọ èyí. Nígbà tí ó kà á dé ibi tí o ti ní orí àjà ni o ń gbé, mo bi í pé ṣé ọmọ mi ti di eku ni? Ó ní rárá, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, pé ilẹ̀ ti tán ní Èkó, ilé ti kún dé etí ọ̀sà, ni wọ́n ṣe ń kọ́ ilé lé ilé lórí. O wá ní kí Sìdí máa bọ̀ wá bímọ níbẹ̀! Àkíbù, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ, ta ni ó bẹ̀ wọ́n kí o tó máa tẹ̀ wọ́n lórí? Bí ọmọ bá sì fẹ́ rákò ńkọ́, ibo ni yóò rá gbà?

Nítorí n kò fẹ́ sọ ohun tí ojú mi kò rí, mo lọ bá Fàsásì, oníṣòwò aṣọ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀, mo ní kí ó jẹ́ kí n gòkè lọ wo bí ayé ọmọ mi ṣe rí. Àtẹ̀gùn ń dún, àyà mi ń já. Mo dé òkè, pákó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí ẹ̀yìn ẹyẹ tó ń fò, Àkíbù! Ọlọ́run nìkan ló yẹ kó máa rí ẹ̀yìn ẹyẹ. Ni mo bá jókòó, n kò lè dìde mọ́. Fàsásì pàrọwà títí, ìdí ni mo fi wọ́ sọ̀ kalẹ̀ níkẹyìn lójú àwọn obìnrin agbo ilé. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ju ìtìjú lọ.

Kò pẹ́ sí i ni òjò ńlá kan rọ̀ lọ́sàn-án Jímọ̀, gbogbo wa wà ní mọ́ṣáláṣí. A gbọ́ ìró kan bí ẹni pé òkè Màpó ló ya. Òkè ilé Fàsásì ló wó lu ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́run ṣeun, ẹnikẹ́ni kò kú, àmọ́ Fàsásì dúró sínú òjò, ó bu erùpẹ̀ ilé rẹ̀ dání, ó ń wí pé òun kàn fẹ́ kí àwọn ọmọ òun rí afẹ́fẹ́ gbà sára ni. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá di ojú, ìwọ ni mò ń rí.

Mo pe Sìdí, mo ní kò ní lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú, ibi tí ọkọ òun bá sùn ni òun yóò sùn, pé bí ilé yóò bá wó, kí ó bá àwọn pọ̀. Mo ní kí ó tutọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dànù kíákíá. Ó tutọ́, ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò wọ rélùwéè.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí èmi náà. N kò ní gòkè o. Ìdí àtẹ̀gùn ni n ó tẹ́ ẹní mi sí, n ó máa tẹ́tí sí ògiri. Bí ó bá mì pẹ́nrẹ́n, n ó ké sí yín.

Ọlọ́run yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ilé náà ró títí n ó fi dé. Igbe ọmọ tuntun nìkan ni a ó gbọ́ láti òkè yẹn, a kò ní gbọ́ ìró mìíràn. Àmín.

Èmi ni Sàlámì, bàbá rẹ, tí ẹ̀rù ń bà.