Gbogbo Èèyàn Mọ̀ Mí Níbí

Oṣù Kọkànlá, 2004

Daddy mi,

Ẹ kú ilé. Ara mi le, oúnjẹ pọ̀, òtútù náà ò tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ ní màá sọnù sí yunifásítì ńlá tí mo yàn. Ẹ wá mú kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré yìí fún mi, pé ó sún mọ́ Chicago bí Kétu ṣe sún mọ́ Anthony ní Èkó. Mi ò tíì fojú kan Chicago. Bùọ̀dá Jayé fúnra wọn ni wọ́n yan tiwọn, kò sẹ́ni tó ní wọ́n á sọnù.

Ẹ tún ní níbí, gbogbo èèyàn ló máa mọ̀ mí. Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀ kí olùkọ́ mi, ìyá arúgbó kan, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ó rò pé nǹkan mi ló jábọ́. Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ti gbọ́. Títí di òní, bí mo bá ti gbé oúnjẹ, àwọn ọmọkùnrin kan á kúnlẹ̀ fún mi, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ilé oúnjẹ kan ṣoṣo la sì ní.

Ẹ bá mi kí Mummy. Ẹ sọ fáwọn ará Ìkòsì pé mò ń gbádùn.

Daddy, orí ìdúró ni mo ti kí yín.

Ọmọ yín,
Adédiwúrà