Iná Tó Ń Dáhùn Ẹ Kú Iṣẹ́

                                        Yàrá ẹ̀yìn, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ilé Kápẹ́ńtà.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbà fún ọ láti gun àtẹ̀gùn? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ ti fi í sílẹ̀? Ọmọ-ọmọ rẹ tó ń yọ eyín lọ́jọ́sí, á ti tó gé èèyàn jẹ báyìí. Ní tiwa, a dúpẹ́. Ara mi le bí òkúta, ẹnu mi náà sì le bẹ́ẹ̀.

Wo ìwé yìí dáadáa. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. N kò bẹ ẹnì kankan. Ìwé kẹta ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n èyí tí mo kọ́ níbẹ̀ kò tíì dà nù. Bí o bá rí ibi tí mo ti pa nǹkan rẹ́, fojú fò ó.

Ọ̀rọ̀ Àbíkẹ́yìn mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ rò. Ó rí iṣẹ́ tuntun, irú èyí tí wọ́n ń jókòó sílé ṣe. Inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń yọjú sí i. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán an wò kí wọ́n tó gbà á pátápátá. Ọdún kan àbọ̀ ló ti fi wáṣẹ́, nítorí náà ńṣe ló ń rọra rìn bí ẹni gbé ẹyin lérí.

Àṣé èmi ni n ó kọ́kọ́ fọ́ ẹyin. Lọ́sẹ̀ kejì, mò ń kọjá, mo gbọ́ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà pá-pá-pá. Ẹlẹ́rìn-ín, ṣé èèyàn lè kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i? Mo ṣílẹ̀kùn, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ìró ni mo ró mọ́ àyà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà lọ́wọ́ mi. Orí méje ló tẹjú mọ́ mi nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Àbíkẹ́yìn ní òun á lọ ra iná kan tí wọ́n ń gbé sẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa fi han ará ilé pé ọwọ́ òun dí. Mo ní ra kí ni? Èmi tí mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n di tọ́ọ̀ṣì mú fún bàbá rẹ̀ nígbà tó ń tún rédíò ṣe? Mo mú agolo bisikíìtì, mo fi ìṣó lu ojú rẹ̀ níhò, mo na ọ̀rá pupa sí i nínú, mo ki gílóòbù tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì bọ̀ ọ́. Mo fa wáyà gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ sí tábìlì rẹ̀, mo so súìṣì mọ́ ọn. Nígbà àkọ́kọ́, kò tàn. Nígbà kejì, wáyà jó mi níka. Nígbà kẹta, ó pọ́n bí ojú mi nígbà tí inú bá ń bí mi.

Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, Kápẹ́ńtà onílé wa gòkè wá wo fèrèsé tó ń jò. Ó rí iná, ló bá ṣílẹ̀kùn gbàgà. "Ẹ kú iṣẹ́ o, màdáámú oníkọ̀ǹpútà! Iṣẹ́ á máa yá o!" Ohùn Kápẹ́ńtà lè jí pákó lójú oorun. Mo fà á jáde, mo bi í bóyá ojú rẹ̀ fọ́ ni. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ tanná pé ẹnìkan ń ṣiṣẹ́. Mo wá rí i tán, kí n kọjá bí ewúrẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Ọ̀gá ní bí ẹnikẹ́ni bá tún já wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, kí Àbíkẹ́yìn lọ wáṣẹ́ síbòmíràn. Ọmọ mi kò sunkún lójú mi. Ó lọ ṣí omi sílẹ̀ ní balùwẹ̀. Ìyá ni mí, mo mọ omi tí wọ́n fi ń bo ẹkún mọ́lẹ̀.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo gbé agolo mi lé itan, mo sì rí àṣìṣe mi. Iná mi ní ẹnu, kò ní etí. Ó ń sọ pé iṣẹ́ ń lọ, kò sì fún èèyàn níbi tí yóò gbé ìkíni sí. Mo tú aago ẹnu ọ̀nà tó ti bàjẹ́, mo yọ bọ́tìnnì rẹ̀, mo kàn án sẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo. Mo fa wáyà mìíràn wọlé sí gílóòbù kékeré tí mo fi ọ̀rá aláwọ̀ ewé wé. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì níta, iná aláwọ̀ ewé á tàn lórí tábìlì: ẹ kú iṣẹ́ nìyẹn. Àbíkẹ́yìn á sì mú kí iná pupa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì: ọọ, ẹ ṣé o. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Kápẹ́ńtà tẹ̀ ẹ́. Ó ní ti ìyàwó òun wà níbẹ̀.

Ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta pé, wọ́n ṣèpàdé ńlá. Èmi àti Kápẹ́ńtà ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbà fún un, ó tẹ bọ́tìnnì. Àbíkẹ́yìn ní ńṣe ni ọ̀gá dánu dúró, tó ní kí ló mú ojú Àbíkẹ́yìn di aláwọ̀ ewé. Ọmọ mi kò ríbi sá sí, ó rò ó fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Láti ìta la ti gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín orí méje! Ilẹ̀kùn ṣí, ó yọjú. "Màámi, ọ̀gá ní kí ẹ wọlé wá kí àwọn."

Mo ní, "Iná ń tàn."

"Màámi, àwọn fúnra wọn ló ní kí ẹ wọlé!"

"Iná ń tàn, Àbíkẹ́yìn. Èmi kì í ṣe Kápẹ́ńtà. Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ."

Ó tilẹ̀kùn. Mo tẹ bọ́tìnnì fún ọ̀gá. Iná pupa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kẹta. Àbíkẹ́yìn ní ọ̀gá ló ní kó bá òun fi ìkẹta kún un. Nígbà tó jáde, ó dì mọ́ mi títí ìborí mi fi já bọ́. Wọ́n ti gbà á pátápátá!

Èmi náà ti ṣe iná tèmi sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn báyìí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, iṣẹ́ sì ni gbogbo iṣẹ́ ń jẹ́. Bá mi kí baálé rẹ, kó o sọ fún un pé obìnrin tí òun sọ pé kò lè so okùn bàtà ti so wáyà. Kí gbogbo ọmọ.

Wò ó, iná aláwọ̀ ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn lórí tábìlì mi. Àbíkẹ́yìn ló ń kí mi kú iṣẹ́ lóde. Jẹ́ kí n dá a lóhùn ná.

                                        Tìrẹ ni mí títí ayé,
                                        Àgídí.