Igi Oyin Yín Ló Gbé Dírónù Wa Dúró

Bàbá mi,

Èmi Suryani, ọmọ yín, ni mo fọwọ́ sí lẹ́tà yìí lórúkọ àwa mẹ́fà tí à ń ya àwòrán ààlà igbó abúlé wa. Dírónù wa, ẹ̀rọ tó ń fò ya àwòrán láti òkè, sọnù lọ́jọ́ Àìkú, pẹ̀lú àwòrán tí a óò gbé lọ sí kóòtù fún ẹjọ́ ààlà náà lọ́jọ́ Ẹtì. Rédíò tí a fi ń tọpa rẹ̀ ń dún kíkankíkan ní ìdí igi oyin yín.

Bàbá Dulah, ọdẹ wa, rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ̀rọ yín náà fẹ́ lá oyin ni? Ẹni tó bá gun igi yìí láìgbàṣẹ olóhun, á yára sọ̀kalẹ̀ o!"

Ara mi le, Bàbá. Apá òsì nìkan ni wọ́n dì. Ẹnikẹ́ni kò tún gùn ún mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láṣẹ kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú. Ẹ má tíì sọ fún Ìyá. Ẹ ṣáà bá mi kí wọn.